Àsọtẹ́lẹ̀ Inú Àpótí Ọ̀gá Ó-Yé-Mi

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́, kí ẹsẹ̀ tó pé síbí. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ pé atẹ́gùn ló gbé e wá sí yín létí. Mi ò sọ pé irọ́ ni o. Òótọ́ ni. Òótọ́ ọ̀hún gan-an ló ń já mi láyà.

Ilé ńlá alájà mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìmọ̀ Ẹ̀dá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wádìí òkúta, omi, ewé, ẹyẹ àti òjò ti ń ṣiṣẹ́, oníkálukú pẹ̀lú yàrá tiẹ̀. Alákòóso Àgbà ni oyè ọ̀gá ibẹ̀. Oyè yìí wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀, ó wà lára ife tó fi ń mumi, ó tún wà lára aṣọ ìnujú ẹ̀, bóyá kí òógùn lè mọ irú iwájú orí tó ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀, Ó-Yé-Mi ni gbogbo ilé ń pè é. Ìdí ẹ̀ ni pé o ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí á fi gbọ́wọ́ sókè: "Ó yé mi, ó yé mi." Wọ́n ní agbálẹ̀ kan sáré wọlé bá a lọ́jọ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ omi ti—" Ó ní, "Ó yé mi." Agbálẹ̀ tẹríba, ó padà síta. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá ìwé, tí fáìlì ń lúwẹ̀ẹ́ jáde bí ẹja.

Ó ní Akọ̀wé kan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, kì í kọ nǹkan kan. Àtẹ́wọ́ ló ń darí. Bó bá gbé bírò pupa sókè, kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó bá gbé bírò búlúù, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bó bá gbé méjèèjì pọ̀, kí wọ́n dìde dúró, kódà ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Bí Ọ̀gá bá sín lásán, Akọ̀wé á pariwo, "Ẹ gbọ́ o! Sísín tó lẹ́kọ̀ọ́ nínú nìyẹn!" Ọ̀gá á sì fi aṣọ oníoyè nu imú, á ní, "Ẹ má yìn mí jù." Bẹ́ẹ̀ ojú ẹ̀ ń wá bírò pupa.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni Ó-Yé-Mi fẹ́ràn jù láyé. Gbọ̀ngàn kan wà nísàlẹ̀ ilé náà, ibẹ̀ ló ti ń sọ ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, pèpéle ibẹ̀ ò ju àtẹ̀gùn kan lọ. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí ètè òun dáadáa. Wọ́n sọ ọ́ di méjì. Ó ní wọ́n rí ètè, àmọ́ wọn ò rí bí òun ṣe ń ronú. Wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Nígbà tó yá ó ní kí wọ́n fi ìkẹrin sí i, kò tiẹ̀ sọ ìdí kankan.

Káfíńtà tó ń ṣe é jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó ti gbé pákó àtẹ̀gùn kẹrin lé e, ó kù kó kàn án mọ́lẹ̀. Ó wà lókè níbẹ̀, ó ń wá ìṣó nínú àpò, ni Akọ̀wé bá já wọlé: "Ọ̀gá ń bọ̀! Sọ̀kalẹ̀, sọ̀kalẹ̀ kíá, wọn ò gbọ́dọ̀ rí ẹ níbẹ̀!" Káfíńtà sáré. Ó tẹ pákó tí kò ní ìṣó. Pákó yẹ̀, òun náà yẹ̀, ó fi orí balẹ̀.

Kò kú, a dúpẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń rìn, ó mọ gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ ni kò sí mọ́. Bí ẹ bá kí i, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí ẹ bá bi í pé níbo ló ń dùn ún, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí ìyàwó ẹ̀ bá sunkún, á gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Pákó yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kàn án o. Ẹni tó bá fẹ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Ó-Yé-Mi pé kò tíì kàn, ta ló fẹ́ ti ọrùn bọ̀ ọ́? Ohun tí Akọ̀wé ṣe ni pé nígbàkígbà tí Ọ̀gá bá fẹ́ gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀, òun àti ẹni tó ń gbé tíì á sáré kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kẹrin, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n á di pákó mú gírígírí. Ó-Yé-Mi rò pé ọ̀wọ̀ ni. Omi á lé sí i lójú. "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi," á ní, "ọ̀wọ̀ yín ti tó." Wọn kì í dìde, àfi tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ tán.

Ó dáa. Ní yàrá kẹta, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń wádìí èdè. Olùkọ́ Èdè ni wọ́n ń pè é. Ó so awò ojú ẹ̀ mọ́ òwú, àpò kóòtù funfun ẹ̀ sì ti já lápá kan. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mọ bí èdè ṣe ń gbé inú èèyàn: bí ọmọdé ṣe ń kó o sẹ́nu, bó ṣe ń sọnù, bó ṣe ń padà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Ìyàwó Káfíńtà, tó ń ránṣọ ní tiẹ̀, ń mú ọkọ ẹ̀ wá ní gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Olùkọ́ á gbé àwòrán síwájú ẹ̀, á fọwọ́ lu tábìlì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, wọ́n á máa wá ọ̀rọ̀ bí ẹní ń wá abẹ́rẹ́. Oṣù meje, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ti padà. Omi. Ilé. Ọmọ. Olùkọ́ ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ tó dé.

"Olùkọ́," ìyàwó ẹ̀ bi í nígbà kan, "tá a bá sinmi díẹ̀ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ má dán an wò. Àwọn tó ti dé yìí, ẹsẹ̀ wọn ò tíì ranlẹ̀. Tá a bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, wọ́n lè tún lọ."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé kan jáde lára ògiri:

"Níwọ̀n ìgbà tó ti hàn sí Wa, láìjẹ́ pé a wádìí, pé ìwádìí èdè kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá, àti níwọ̀n ìgbà tí ohùn Wa nílò ibi tí yóò ti máa sinmi kó tó dé orí pèpéle, A pàṣẹ pé kí yàrá kẹta di Yàrá Ìsinmi Ohùn Alákòóso Àgbà."

Olùkọ́ Èdè ò dúró parí ẹ̀. Ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ. Tábìlì ibẹ̀ fẹ̀ débi pé tí ẹ bá fẹ́ bọ Ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ máa kọ́kọ́ gbéra ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo rí ìwé—"

"Ó yé mi."

"Ọ̀gá, mi ò tíì sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn gan-an ló yé mi jù." Ó fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ wò ó, Olùkọ́. Òkúta, èèyàn lè gbé e. Omi, èèyàn lè wọ̀n ọ́n. Ewé, èèyàn lè já a. Ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ lọ já ọ̀rọ̀ kan wá fún mi nínú oko kí n rí i!"

Bírò búlúù lọ sókè. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ọ̀gá," Olùkọ́ ní, "kí ni Olùkọ́ Ẹyẹ ń ṣe ní yàrá karùn-ún?"

"Ó ń wádìí igbe ẹyẹ."

"Ìmọ̀ ẹ̀dá ni?"

"Pọ́nńbélé!"

"Ẹyẹ ké, ẹ ní ìmọ̀ ẹ̀dá ni. Èmi àti ẹ̀yin lanu, ẹ ní eré ni. Ṣé èèyàn ti yọ ara ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀dá ni?"

Akọ̀wé ò mọ bírò tí á gbé. Ó gbé lẹ́ẹ̀dì.

"Káfíńtà tó ṣe pèpéle yín," obìnrin náà ò dúró, "ó fi orí gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ dànù. Tí ọ̀rọ̀ ò bá sí lára èèyàn bí ẹ̀jẹ̀ àti eegun ṣe wà níbẹ̀, kí ló wá bọ́?"

"Ó yé mi," Ó-Yé-Mi ní. Bẹ́ẹ̀ kò mọ káfíńtà kankan rí láyé ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ńṣe ni pèpéle hù.

Àmọ́ ó rántí àpótí ẹ̀, inú ẹ̀ dùn. Àpótí irin ni, ó wà ní ẹnu géètì, òun fúnra ẹ̀ ló fi òfin ẹ̀ lélẹ̀. Ó ní ìmọ̀ tó bá jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo yàrá á kọ àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀, wọ́n á jù ú sínú àpótí, Bàbá Géètì á fi àgádágodo sí i, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ayé. Olùkọ́ Òkúta yege. Olùkọ́ Ewé yege. Olùkọ́ Òjò kọ ọ́ pé òjò á rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn sì yan gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà bí àgbàdo, ṣùgbọ́n ó ti fi kún un nísàlẹ̀ ìwé pé "bí Alákòóso Àgbà bá fọwọ́ sí i", nítorí náà òun náà yege.

"Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín," Ó-Yé-Mi ní.

"Ó dáa, sà. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n wádìí?"

Ẹ̀yin èèyàn, ibí ló ti ṣe àṣìṣe. Ṣé kò lè ní kó wádìí ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ ni? Ṣé kò lè ní ti Bàbá Géètì? Ṣùgbọ́n ó wo Akọ̀wé, Akọ̀wé wò ó.

"Ọ̀rọ̀ wo ló tún wà nílé yìí," Ọ̀gá ní, "tó ju tèmi lọ? Ọ̀rọ̀ mi dà bí òkun, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìgbì tó kàn máa gbà yọ."

"Òkun kéré, sà!" Akọ̀wé ní.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, àwọn àlejò ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ wá fún mi ní ipò tó ga sí i. Mo máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ohun tí màá sọ. Tí ẹ bá gba ìdajì péré, yàrá kẹta di tiyín láéláé. Tí ẹ bá kùnà, ẹ fi kóòtù funfun yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá fi nu bàtà." Ló bá ṣí dúrọ́ọ̀. Ó ti ń ní kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tó ti dé, ìgbà méjìlélọ́gbọ̀n. Ó kó gbogbo ẹ̀ fún un. Ó tiẹ̀ tún buwọ́ lù wọ́n.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn Ó-Yé-Mi ò dákẹ́ ní yàrá kẹta. Olùkọ́ ń gbọ́, ó ń fa ìlà, ó ń dá a padà, ó tún ń gbọ́. Káfíńtà àti ìyàwó ẹ̀ ṣì ń wá ní ọjọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ kan, bí ohùn yẹn ṣe ń lọ lórí ẹ̀rọ, Káfíńtà ṣàdédé gbé ìka kan sókè. Kò pẹ́, ohùn inú ẹ̀rọ ní: "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó sọ ìka kalẹ̀. Nígbà tó yá ó tún gbé e. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Olùkọ́! Ẹ wo ọkọ mi!" Ìyàwó Káfíńtà dìde. "Ó ń mọ̀ ọ́n kó tó dé!"

Olùkọ́ dá ẹ̀rọ padà, ó gbọ́ ọ léraléra. Òótọ́ ni. Ìgbàkígbà tí àtẹ́wọ́ bá kúrú, Ọ̀gá á bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ òun. Tó bá gùn, á mumi. Ìgbà méjìlélọ́gbọ̀n, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sọ fún Káfíńtà. "Mo ti ń kà á láti ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò rí ìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Káfíńtà ní, ó sì gbé àyà síwájú díẹ̀.

Ẹ máa ní, ṣebí Ó-Yé-Mi lè yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, kó sọ nǹkan mìíràn pátá? Ó gbìyànjú o! Alẹ́ mẹ́ta ló fi jókòó nílé, ó ń kọ tuntun. Ó kà á fún ìyàwó ẹ̀.

"Daddy, ti ọdún tó kọjá nìyẹn," ìyàwó ẹ̀ ní. Aṣọ ló ń ká.

"Tuntun ni! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́!"

"Hùn-ún. Èyí tó kàn ni 'Nígbà tí mo dé ilé yìí, kí ni mo bá?'"

Ó wo ìwé ọwọ́ ẹ̀. Òun ló kàn lóòótọ́. Ó ya á, ó kọ òmíràn. Òun náà tún gba ojú ọ̀nà kan náà lọ bí ẹṣin arúgbó tó mọlé. Ó ní àárẹ̀ ni, ó lọ sùn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn àlejò jókòó níwájú, ìyá àgbàlagbà kan ni olórí wọn, ó gbé báàgì lé itan, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Bàbá Géètì gbé àpótí síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Àsọtẹ́lẹ̀ Olùkọ́ Èdè ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Káfíńtà àti ìyàwó ẹ̀ wà ní ìlà kejì, tòsí pèpéle, torí Olùkọ́ ní kí wọ́n wá. Ìyàwó ẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé tí obìnrin yẹn bá kùnà lónìí, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ò níbi tí àwọn máa lọ mọ́.

Akọ̀wé àti ẹni tó ń gbé tíì kúnlẹ̀, wọ́n di pákó mú. Ó-Yé-Mi gòkè. "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó fọwọ́ kan máìkì.

"Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò ní sọ."

Ó sọ ohun tí kò ní sọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi wọ́n pé nígbà tí òun dé ilé yìí, kí ni òun bá? Òkùnkùn! Bírò pupa. Àtẹ́wọ́ gùn, ó mumi. Ó ní òun ò yin ara òun o, ó wá yin ara ẹ̀. Àtẹ́wọ́ kúrú, nítorí ọwọ́ ń dùn wọ́n. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó wá ní, "Ní kúkúrú..." Àlejò kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ń wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ àga, kó lè dìde. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ìjókòó wọn ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú mìíràn, ó na ìka sí Olùkọ́ Èdè. "Wọ́n ní àwọn lè fi ìmọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá. Irọ́! Ta ló mọ ohun tó kàn tí màá sọ? Kò sí!" Ó na ọwọ́ méjèèjì. Bírò méjèèjì sókè. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde.

"Ẹ jókòó," ìyá àgbàlagbà ní. "Ẹ ṣí àpótí."

Bàbá Géètì tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí. Ìwé jáde. "Akọ̀wé, ẹ kà á," ìyá náà ní. Akọ̀wé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó lọ dúró ti máìkì ìsàlẹ̀, ó gbọn ìwé náà bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jábọ́.

"'Á kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ní sọ,'" ó kà. "'Kò ní dín ní ogún ìṣẹ́jú.'"

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Ikọ́ yẹn jọ ẹ̀rín.

"'Á ní òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn òkùnkùn, tí àtẹ́wọ́ bá gùn, á mumi. Tó bá kúrú, á bi wá bóyá à ń gbọ́ òun. Ó máa ní "ní kúkúrú" nígbà tí kò tíì dé ìdajì. Ní òpin, á ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn tí òun máa sọ.'"

Gbọ̀ngàn ti ń rú. Ó-Yé-Mi fi tipátipá rẹ́rìn-ín lókè. "Eré ọmọdé ni!" ó ní.

Akọ̀wé wo ìwé. Òógùn ń kán lórí ẹ̀. "Ọ̀gá... 'Tí wọ́n bá kà á dé ibí, á ní eré ọmọdé ni.'"

Ẹ̀rín bú. Kò sẹ́ni tó gbé bírò o! Ẹ̀rín tó jáde fúnra ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ irú ẹ̀ níbẹ̀ rí.

"Akọ̀wé! Bírò dà?"

"'...á wá bèèrè bírò lọ́wọ́ Akọ̀wé...'"

"Mo ní ó ti tó! Ó yé mi!"

"'...á ní, "Ó yé mi."'" Ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹni tó ń gbé tíì ti wà lábẹ́ tábìlì, ó di ikùn mú. Olùkọ́ Òjò ń fi bàtà na ilẹ̀. "Ó ku ìlà kan," Akọ̀wé ní, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "'Ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyí. Lẹ́yìn èyí, Ọ̀gá á dákẹ́. Ohun tó bá sọ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu èèyàn lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyẹn náà wà nínú ìmọ̀ wa.'"

Ó-Yé-Mi ya ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí àwọ̀ pupa, kò rí àwọ̀ búlúù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àánú ẹ̀ ṣe àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gan-an, ẹ̀rín rọra kú. Ó kó agbádá ẹ̀ jọ, ó yíjú sí àtẹ̀gùn láti sọ̀kalẹ̀ kúrò níwájú gbogbo èèyàn.

Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀. Akọ̀wé wà nídìí máìkì. Ìkejì wà lábẹ́ tábìlì. Àtẹ̀gùn kẹrin dá wà níbẹ̀.

Káfíńtà ló rí i. Ó dìde. Ẹnu ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí nǹkan tó jáde. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Kí ni? Kí lẹ fẹ́?" Ẹsẹ̀ Ó-Yé-Mi ti gbéra.

"Ì... ì... Ìṣó!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Ẹsẹ̀ Ó-Yé-Mi dúró lófuurufú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó sọ, àbí? Gbogbo gbọ̀ngàn mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ti ń fi ètè sọ ọ́ dè é.

"Kí lẹ wí?" Ó-Yé-Mi ní. Ó sì dúró de èsì.

"Kò sí... ìṣó." Káfíńtà na ọwọ́ sí pákó.

Ó-Yé-Mi fi orí bàtà tọ́ ọ. Pákó mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kúnlẹ̀..."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Akọ̀wé ní. "A fẹ́ sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ kìíní. Ẹ ní ó yé yín."

Bí Alákòóso Àgbà ṣe jókòó sílẹ̀ nìyẹn lórí pèpéle tó ga jù lọ, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú oyè, ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ tó ń ti orí ibùsùn bọ̀. Káfíńtà na ọwọ́ sí i. Ó dì í mú. Lórí àga, Ìyàwó Káfíńtà ń sunkún, kò sì bo ojú.

"Olùkọ́," ìyá àgbàlagbà pè é, "ẹ jẹ́ kó yé mi. Ṣé ìmọ̀ ẹ̀dá ni iṣẹ́ yín, àbí kì í ṣe é?"

"Ìyá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nínú ìwé yẹn, ìmọ̀ ẹ̀dá ni. 'Kí lẹ wí' tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo ṣì ń wá a."

"Olùkọ́ Òjò náà ò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀," ìyá náà ní, "yàrá ẹ̀ sì tóbi ju tiyín lọ." Ló bá ṣí báàgì, ó kọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà dé. Yàrá kẹta dúró síbi tó wà. Ipò gíga tí Ó-Yé-Mi ń retí, wọ́n fún un lóòótọ́: orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí igò tó ń gba òjò wà. Àràárọ̀ ló máa ń gòkè lọ wo ibi tí omi dé nínú ẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí máìkì níbẹ̀, kò sí èèyàn. Akọ̀wé ti ń bá ọ̀gá tuntun ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó ti ra bírò aláwọ̀ ewé. Torí náà, ẹ má dárúkọ mi.

Ó ku ìkan kí n tó sá lọ. Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá kẹta. Káfíńtà wà níbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di mẹ́rìndínlógún. Olùkọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó-Yé-Mi ni. Ẹrẹ̀ òkè wà lára bàtà ẹ̀, aṣọ ìnujú tó fi ń nu òógùn ò ní oyè kankan. Olùkọ́ ń retí ohun tí kò ní sọ, fún ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ káàárọ̀ o," Ó-Yé-Mi ní. "Mo wá kí Káfíńtà ni."

Olùkọ́ wá gbólóhùn yẹn lọ́kàn ẹ̀, láti kásẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkejìlélọ́gbọ̀n. Kò sí níbẹ̀. Ló bá fa ìwé yẹn, èyí tó ń kọ ọ̀rọ̀ Káfíńtà sí, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ ohun tí ọkùnrin náà sọ sílẹ̀.

Káfíńtà sún lórí bẹ́ǹṣì. Ó fọwọ́ lu àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Ẹ... jókòó."

Olùkọ́ ò tíì dé bírò ẹ̀. Ó kọ ìyẹn náà sábẹ́ ẹ̀.